Láti Bódìjà dé Bẹẹrẹ: Bí Ẹrù Ìkókó Ṣe Ń Rìn ní Ìlú Ìbàdàn

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú tí a lè fi ojú kan wò tán. Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ̀ ẹ́ dó bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829 ni ó ti ń fẹ̀, tí ó ń gun òkè, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì. Ẹni tí ó bá dúró lórí òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929 wà, yóò rí òrùlé páánù lọ súà, tí ọ̀kan fẹ̀gbẹ́ ti èkejì. Ẹni tí ó bá sì wọ Bódìjà, àdúgbò tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ṣètò ní ìparí àwọn ọdún 1950, yóò rí òpópónà tí ó tọ́, igi ìbòòji, àti ọgbà tí a fi géètì tì. Ìlú kan náà ni. Ọkọ̀ Micra kan tàbí méjì ni èèyàn yóò wọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dé sí àdúgbò méjèèjì ní òru kan náà, ohun tí yóò bá nílẹ̀ kò dọ́gba.

Ọ̀nà tí ó so àdúgbò méjèèjì pọ̀ ni mo fẹ́ mú ẹ̀yin òǹkàwé wa rìn lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn obìnrin mẹ́fà kan ni mo tẹ̀ lé, tí wọ́n máa ń kó ẹrù ìkókó jọ lọ́wọ́ àwọn tí ó ní, kí wọ́n lè fi fún ìdílé tí ọwọ́ wọn kò tó ẹnu. Wọn kò ní ọ́fíìsì, wọn kò sì gbé pátákó kankan kọ́. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tí ó ti fẹ̀yìn tì ni àgbà wọn, Màmá Nọ́ọ̀sì sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Àṣà tí a bá nílẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé fífi aṣọ ọmọ tọrẹ jẹ́ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ní agbo ilé àtijọ́, ògbólógbòó ìró ìyá àgbà ni wọ́n fi ń gba ọmọ tuntun, nítorí pé aṣọ tí a ti fọ̀ fún ọdún pípẹ́ máa ń rọ̀ ju tuntun lọ. Fìlà, ọ̀já àti ìlédìí máa ń ti ọwọ́ ìyàwó ilé kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Ọ̀pọ̀ abiyamọ ni kì í tilẹ̀ fẹ́ ra ẹrù sílẹ̀ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó súnmọ́, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé bí ọmọ bá dé, agbo ilé kò ní jẹ́ kí ó wà ní ìhòòhò. Àwọn àgbà ló sọ pé ojú méjì ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń tọ́ ọ.

Lónìí, igba ojú náà ti fọ́n ká. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ń gbé yàrá kan nínú ilé tí wọn kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Owó ọjà náà kò sì dúró lójú kan. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń gbé ló gbówó lórí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé iṣẹ́ Procter & Gamble, tí ó ni Pampers, kéde pé òun kò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé kíkó wọlé ni yóò kù. Ní ọdún 2024, Kimberly-Clark, tí ó ni Huggies, kéde pé òun náà ń kógbá sílé, bẹ́ẹ̀ ọdún 2022 ni ó ṣí ilé iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Ìyá tí ń ra ìlédìí àlòsọnù ní páálí tẹ́lẹ̀ wá ń rà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ alátẹ.

Bódìjà: ohun tí a gbà àti ohun tí a kò gbà

Ọjọ́ Sátidé kan tí ọyẹ́ ń mú ni a jáde. Afẹ́fẹ́ gbẹ, eruku bo ewé igi, àárọ̀ sì tutù débi pé àwọn ọlọ́kọ̀ wé ẹ̀wù mọ́ra. Bódìjà ni a kọ́kọ́ dé, nítorí pé ibẹ̀ ni àpótí aṣọ ti ń kún. Bí ọmọ kan bá ti ń tó ọdún méjì nínú ilé bẹ́ẹ̀, ẹrù ìkókó rẹ̀ á ti wà lókè àjà, tí kò tíì gbó rárá.

Àwọn ìyálé ilé ti di ẹrù sílẹ̀. A gba fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ẹ̀wù òtútù, tówẹ̀lì, báàsì ìwẹ̀ àti àpò ẹ̀fọn olóògùn kan tí wọn kò tíì tú nínú ọ̀rá rẹ̀. Nílé kẹta, wọ́n gbé agolo wàrà ọmọ mẹ́rin àti ìgò ìfúnlóúnjẹ kalẹ̀ fún wa. Màmá Nọ́ọ̀sì dúpẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó rọra tì wọ́n padà.

“Ẹ má bínú, ìyá wa,” ni ó wí fún onílé. “Agolo mẹ́rin yìí kò ní pẹ́ tán. Nígbà tí yóò bá fi tán, omi ọyàn ìyá ọmọ á ti dínkù, kò sì ní lówó láti ra ìkarùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi owó rẹ̀ ra ẹ̀wà àti ẹja, kí ìyá jẹun, kí ọmọ sì mu ọyàn.”

Òfin tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1981 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó pàdé lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà tí ó dá àwọn ilé iṣẹ́ lẹ́kun pípín wàrà ọ̀fẹ́ fún abiyamọ. Ìmọ̀ràn àjọ náà ni pé omi ọyàn nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìgò tí a kò sè dáadáa, tí a sì fi omi tí kò mọ́ po wàrà inú rẹ̀, lè fi ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ.

A kò gba ìrọ̀rí pẹ̀lú, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ẹ̀yìn ni ó yẹ kí a fi ọmọ lélẹ̀, lórí ibùsùn tí kò rọ̀ jù, láìsí ìrọ̀rí tí ó lè dí i nímú.

Òkè-Àdó: àpò tí a kò tú

Láti Bódìjà, a gba Mọ́kọ́lá àti Dúgbẹ̀ kọjá sí Òkè-Àdó, níbi tí pápá ìṣeré tí wọ́n ṣí ní ọdún 1960 wà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe pápá náà báyìí, ṣùgbọ́n “Liberty” ni ọlọ́kọ̀ ṣì ń ké. Obìnrin kan ti ránṣẹ́ pè wá síbẹ̀. Àpò aláwọ̀ ewé kan ni ó gbé síwájú wa, bébà iye owó sì wà lára gbogbo aṣọ inú rẹ̀. Kò sí èyí tí a tíì fọ̀.

Kò sí ẹni tí ó bèèrè. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé ọmọ tí òun rà á fún kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, pé ó di ọdún kan ààbọ̀ báyìí. Ó ní, “Ẹ má sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà sọ pé tuntun ni.”

Ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ní ilẹ̀ wa, ìyá àgbà kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú aṣọ tí yóò kan ara ọmọ tuntun. Ọ̀pọ̀ ni yóò fẹ́ mọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ rí, bóyá ọmọ náà yè tàbí kò yè. Obìnrin kan nínú wa ní kí a kúkú tà á, kí a fi owó rẹ̀ ra òmíràn. Màmá Nọ́ọ̀sì gbọn orí. Ó di ọwọ́ onílé mú, ó ní, “Ọmọ mi, bí wọn kò bá bi wá, àdúrà nìkan ni a ó ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi wá, a kò ní parọ́ fún abiyamọ. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn bẹ́ẹ̀?” Obìnrin náà ronú fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já bébà iye owó náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó gbé àpò náà jáde.

Gbági: yáàdì méjì tí a kò sanwó rẹ̀

Ohun tí ìtọrẹ kì í sábà kó wá ni ohun tí ó ṣe pàtàkì jù: aṣọ òwú lásán, ọ̀já, ọṣẹ, àti ìlédìí tí a lè fọ̀. Èyí ni ó gbé wa dé Gbági, ọjà aṣọ ńlá tí ó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́, tí ìjọba sọ ní ọjà Bọ́lá Ìgè. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí kò ní mọ bí aṣọ ṣe lè pọ̀ tó. Ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àǹkárá dúró bí ògiri, léèsì ń tàn, àwọn alábàárù sì ń ké “àgò lọ́nà” láàárín èrò.

A ra aṣọ òwú funfun tí yóò di ìlédìí. Nígbà tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù gbọ́ ohun tí a fẹ́ fi ṣe, ó tún wọn yáàdì méjì lé e. “Èyí kì í ṣe èènì o,” ni ó wí. “Tèmi ni. Adéọ̀yọ́ ni mo bí àkọ́bí mi sí, ìró aládùúgbò ibùsùn mi ni wọ́n fi wé e.” Kò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti kọjú sí oníbàárà mìíràn.

Yemẹtu: oòrùn, ọṣẹ àti ìtọ́jú

Ẹ̀yìnkùlé Màmá Nọ́ọ̀sì ní Yemẹtu ni gbogbo ẹrù ń já sí. Àdúgbò náà bá iṣẹ́ yìí mu. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ti àwọn aláboyún wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní Adéọ̀yọ́ Yemẹtu kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ ti Ring Road. Kí wọ́n tó ṣí UCH ní oṣù Kọkànlá ọdún 1957, Adéọ̀yọ́ wà lára ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ti kọ́ṣẹ́. Àìmọye ọmọ Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ ké ní àdúgbò yìí.

Níbi ìṣàtúntò ẹrù ni mo ti rí i pé ìmọ̀ ni ìtọrẹ ń fẹ́ ju àánú lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí Màmá Nọ́ọ̀sì ń ṣe ni pé ó ń gbóòórùn aṣọ. Èyíkéyìí tí ó bá ń rùn káńfọ̀, ẹ̀yìn ni ó ń jù ú sí. Káńfọ̀ funfun roboto tí a ń jù sáàárín aṣọ nítorí kòkòrò, èyí tí a ń kọ naphthalene sára ọ̀rá rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìkókó. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà tí a ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára àwọn ọmọkùnrin. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí ojú àti awọ rẹ̀ di pípọ́n bí omi àtalẹ̀ pupa. Jọ́ńdíìsì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é. Bí ó bá le, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó sì lè dí i létí títí ayé. Ìyá rẹ̀ kò sì lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ọmọ òun wà lára wọn.

Aṣọ tí ó kù, wọ́n á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn gan-an, wọ́n á sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni dídì. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wù mẹ́rin, fìlà méjì, ìbọ̀sẹ̀, ìlédìí méjìlá, tówẹ̀lì kan, ọṣẹ, òrí, àpò ẹ̀fọn, ọ̀já gígùn kan, àti ọ̀dà ìdodo tí ìwọ̀n oògùn chlorhexidine inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 7.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀dà yìí ni a fi ń dáàbò bo ìwọ́ ọmọ lọ́wọ́ àìsàn, dípò ìgbẹ́ màlúù tàbí ata tí àwọn kan ń fi sí i. Ṣùgbọ́n ike rẹ̀ jọ ti oògùn ojú, àwọn kan sì ti ṣì í kán sójú ọmọ rí, tí ojú náà sì bàjẹ́. Nítorí náà, obìnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ń fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sórí ike kọ̀ọ̀kan pé: ÌDODO NÌKAN. KÌ Í ṢE OJÚ.

Mo bèèrè ìdí tí ọ̀já fi gùn tó bẹ́ẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì ní nítorí àwọn kéékèèké ni, àwọn tí ìwọ̀n wọn kò tó kílò méjì ààbọ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, àní nínú ooru ilẹ̀ wa yìí, áńbọ̀sì nígbà ọyẹ́. Ní ọdún 1978, ní ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà, níbi tí ẹ̀rọ amúlọ́mọgbóná kò ti tó, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í so ọmọ mọ́ àyà ìyá rẹ̀, awọ kan awọ, ní òru àti ní ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ọmọ yè. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní kété tí ọmọ bá ti dé. Ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ sẹ́yìn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ni ó tún ń so ọmọ mọ́ àyà.

Wọ́n máa ń di àwọn ìdì kan ní méjì-méjì. Àwa Yorùbá ní ìdí fún èyí. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Patrick Nylander ṣe láti Ìbàdàn fi hàn pé ní Igbó-Ọrà, tí kò jìnnà sí wa, ìbí bíi 45 nínú ẹgbẹ̀rún kan ni ó jẹ́ ti ìbejì. Ìbejì sì sábà máa ń dé kí oṣù tó pé, kí wọ́n sì kéré.

Bẹẹrẹ: ìbéèrè ìyá àgbà

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, a gba Òkè-Àrẹ̀mọ sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ. Ọkọ̀ kò lè wọ ibi tí a ń lọ. A fi ẹsẹ̀ rin láàárín ilé, a fo gọ́tà, a bọ́ sí àgbàlá kan tí ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ sí. Ìbejì ni a wá kí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n. Táíwò ti ń mu ọyàn dáadáa. Kẹ́hìndé ni ó kéré, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ láti ilé ìwòsàn. Bàbá wọn ń gun ọ̀kadà. Owó ìwòsàn ti gbé ọ̀kadà náà lọ.

“Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ kú ọwọ́ lómi.” Ìyá àgbà ni ó gba ẹrù lọ́wọ́ wa. Ó tú u lórí ẹní, ó ń fọwọ́ pa aṣọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan àwọn ti Òkè-Àdó, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Aṣọ wọ̀nyí dára jù. Ọmọ ta ló wọ̀ wọ́n rí?”

“Kò sí ọmọ tí ó wọ̀ wọ́n, ìyá,” ni Màmá Nọ́ọ̀sì fèsì. “Ẹni tí wọ́n rà á fún kò dúró. Ìyá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí yín, a sì ti fọ̀ ọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, kò burú rárá. Òmíràn wà nínú àpò.”

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ìyá ìbejì wo ìyá ọkọ rẹ̀. Kẹ́hìndé wà ní àyà rẹ̀ lábẹ́ ìró, orí rẹ̀ kò ju ọsàn lọ. Ìyá àgbà gbé ẹ̀wù kékeré kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí. Ó ní, “Ìyá tí ó lè fi èyí sílẹ̀, ire ló ń wá fún ọmọ wa. Kí Ọlọ́run fi òmíràn rọ́pò fún un. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa, á jókòó.” Ó sì na ẹ̀wù náà sí ìyàwó rẹ̀ pé kí ó wọ̀ ọ́ fún Kẹ́hìndé, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú, ọyẹ́ sì ti ń mú.

A kò ya fọ́tò kankan. Wọn kì í yà á láéláé. Màmá Nọ́ọ̀sì ní ọmọ náà yóò dàgbà lọ́jọ́ kan, kò sì yẹ kí ó bá àwòrán ọjọ́ àìní rẹ̀ lọ́wọ́ ayé. Ó fi bí a ṣe ń fi ọ̀já so ọmọ mọ́ àyà han ìyá ìbejì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì sọ ọjọ́ tí yóò padà wá.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní àdúgbò yín

Kò pọn dandan kí ẹ dúró de ẹgbẹ́ ńlá. Ẹ kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín sọ̀rọ̀, kí ẹ mọ ohun tí àwọn abiyamọ ibẹ̀ ń ṣàìní gan-an. Ẹ má ṣe kó wàrà, ìgò tàbí ìrọ̀rí jọ. Ẹ má ṣe fi aṣọ tí ó ti wà nínú káńfọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ kankan. Ẹ ra ọ̀já gígùn, ìlédìí tí a lè fọ̀, fìlà tí ó kéré tó fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, àti oúnjẹ fún ìyá. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ibi tí aṣọ ti wá, ẹ sọ òótọ́ fún un, kí ẹ sì fún un láyè láti kọ̀ ọ́.

Ẹ yẹ òkè àjà yín wò ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Ohun tí ọmọ yín kò lò mọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ tó dì í.